Ìṣẹ́jú Méjìlá Tó Pòórá Nínú Kásẹ́ẹ̀tì Kẹsàn-án

Mo ti gbóòórùn kásẹ́ẹ̀tì náà kí n tó fojú rí i. Ó ń rùn bí ìbọ̀sẹ̀ tútù tí wọ́n gbàgbé sí ìsàlẹ̀ àpò. Bàbá Fídíò tẹ́ bébà funfun sórí tábìlì, ó gbé e lé e, ó sì yára fa ọwọ́ sẹ́yìn bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé òkú eku.

"Ilé rẹ̀ nìyí o, Ìyá Ọ̀fíntótó. Téépù inú rẹ̀ ni mo ti fọ̀, mo sì ti kó o sínú ilé mìíràn. Ẹ má fà á símú. Ó ti bu. Ẹ ó wúkọ́ fún ọ̀sẹ̀ kan."

Ìyá Ọ̀fíntótó ni wọ́n ń pè mí ní àgọ́ ọlọ́pàá wa, nítorí pé mo máa ń tú garawa ìdọ̀tí kí n tó bi ènìyàn ní ìbéèrè. Mo tẹ̀ síwájú, mo wo inú ike náà. Ohun funfun ti hù sí gbogbo igun rẹ̀ bí ó ṣe máa ń hù sára búrẹ́dì ọlọ́jọ́ mẹ́wàá. Ìyẹ́ aáyán kan lẹ̀ mọ́ ọn, pẹ̀lú ẹyin rẹ̀.  Mo sún sẹ́yìn.

Iṣẹ́ Bàbá Fídíò ni kí ó máa kó ohun tó wà nínú kásẹ́ẹ̀tì fídíò àtijọ́ sínú àwo sídíì fún àwọn tí kò fẹ́ kí fídíò ilé wọn ṣègbé. Yàrá kan ṣoṣo ni ṣọ́ọ̀bù rẹ̀: ẹ̀rọ fídíò mẹ́rin, tẹlifíṣọ̀n mẹ́ta, ìgò sípíríìtì, òwú, àti àga kan tí tìmùtìmù rẹ̀ ti gba bátànì ìdí rẹ̀. Obìnrin tó jókòó sórí àpótí lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ wọ aṣọ nọ́ọ̀sì. Òun ló gbé páálí kásẹ́ẹ̀tì mẹ́rìnlá wá. Apá òsì rẹ̀ ti jóná nígbà kan rí. Láti èjìká dé ìgbọ̀nwọ́, awọ rẹ̀ hunjọ, ó ń dán.

Apá yẹn ló gbé mi wá sí ṣọ́ọ̀bù.

Ní ọdún mẹ́rìnlélógún sẹ́yìn, lọ́jọ́ tí Nọ́ọ̀sì pé ọmọ ọdún mẹ́fà, ẹnìkan da omi gbígbóná sí i lára. Wọ́n ní ọmọ ọ̀dọ̀ ilé wọn ni, ọmọbìnrin ọlọ́dún mẹ́tàdínlógún. Wọ́n lé e jáde lọ́jọ́ náà gan-an láìní bàtà lẹ́sẹ̀. Ó ti di ìyá àwọn ọmọ báyìí, ó sì ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìtọ́jú ọmọ wẹ́wẹ́ kan. Màmá Jẹ́jẹ́ ni àwọn ọmọ ibẹ̀ ń pè é. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, tíì gbígbóná dà sí ọmọ kan lẹ́sẹ̀ níbẹ̀. Kò sẹ́ni tó rí bí kọ́ọ̀bù ṣe ṣubú. Ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n Nọ́ọ̀sì ọkùnrin, tó jẹ́ ọ̀gá ilé-ìwé, gbọ́ nípa rẹ̀, ó fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn wá sí àgọ́ wa. Ó ní, "Ẹ mú un. Ohun tó ṣe fún àbúrò mi náà nìyẹn." Wọ́n bá mú un.

Mo ka fáìlì náà lẹ́ẹ̀mejì. Kò sí nǹkan kan nínú rẹ̀ ju ọ̀rọ̀ àtijọ́ yẹn lọ. Bí ó bá jẹ́ òótọ́, Màmá Jẹ́jẹ́ ń lọ sẹ́wọ̀n, kò sì ní gbé ọmọ ọlọ́mọ mọ́ láyé. Bí ó bá jẹ́ irọ́, kò sí ẹjọ́. Ọjọ́ Ajé ni wọ́n máa gbé e lọ sí kóòtù. Ọjọ́ Ẹtì ni mo sì wà yìí.

Ọ̀rọ̀ kan péré ni obìnrin náà sọ fún mi nígbà tí mo kọ́kọ́ rí i: "Bàbá wọn ń ya fídíò lọ́jọ́ yẹn. Ẹ lọ wò ó."

Mo lọ bá Nọ́ọ̀sì lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun. Bàbá wọn ti kú, ṣùgbọ́n àwọn kásẹ́ẹ̀tì rẹ̀ wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì ìyá wọn. Kẹsàn-án nínú wọn ni ti ọjọ́ ìbí náà.

"Ẹ tẹ̀ ẹ́," ni mo wí fún Bàbá Fídíò.

Ó tẹ̀ ẹ́. Àwọn ọmọdé yí kéèkì ká. Ọmọbìnrin kékeré kan wọ aṣọ funfun oníléèsì, eyín iwájú rẹ̀ kò sí. Ohùn ọkùnrin kan ń bọ̀ láti ẹ̀yìn ẹ̀rọ: "Rẹ́rìn-ín fún Dádì. Ẹ̀hẹ́n! Ọmọ mi dáadáa!" Nọ́ọ̀sì fi ọwọ́ bo ẹnu. Ó ti tó ọdún mẹ́sàn-án tó ti gbọ́ ohùn bàbá rẹ̀ kẹ́yìn.

Lójijì ni àwòrán lọ. Òjò funfun ló kù lójú tẹlifíṣọ̀n. Bàbá Fídíò gbé ìka méjìlá sókè, mẹ́wàá lẹ́ẹ̀kan, méjì lẹ́ẹ̀kan.

"Ìṣẹ́jú méjìlá. Ẹlòmíì á ti pa á ní ìṣẹ́jú kejì, á ní kásẹ́ẹ̀tì ti bàjẹ́. Èmi kì í pa á. Wákàtí méjì ni kásẹ́ẹ̀tì, wákàtí méjì ni mo máa jókòó tì í."

"Bàbá, ẹ sáré dé ìparí òjò yẹn, ẹ jọ̀ọ́."

Nígbà tí òjò dá, ẹsẹ̀ tábìlì ni a rí, àti ilẹ̀. Wọ́n ti gbé ẹ̀rọ kalẹ̀ láìpa á. Kò sí ojú ènìyàn kankan. Ṣùgbọ́n ọmọdé kan ń ké. Mo ti gbọ́ igbe púpọ̀ nínú iṣẹ́ yìí, mi ò ní fi ti ọmọ yẹn wé èyíkéyìí. Ohùn obìnrin kan wá gorí rẹ̀, ó há, kò hàn dáadáa ẹni tó ni ín:

"Ẹ̀yin lẹ dà á! Mo rí yín! Ẹ̀yin lẹ dà á!"

Ilẹ̀kùn gbá. Ọwọ́ kan gbé ẹ̀rọ. Ó parí.

Nọ́ọ̀sì ń fọwọ́ pa apá rẹ̀, kò sì mọ̀ pé òun ń ṣe bẹ́ẹ̀.

"Ta ló ni ohùn yẹn?" mo bi í.

"Mi ò mọ̀, mà. Mi ò rántí ohùn kankan. Omi yẹn nìkan ni mo rántí."

Bàbá Fídíò fi bíro yí ike àlòkù náà padà. "Ẹ wo ẹ̀yìn rẹ̀. Ṣé ẹ rí ihò yìí? Ike kékeré kan máa ń wà níbẹ̀. Bí ẹ bá ti ṣẹ́ ẹ, ẹ̀rọ ò ní gbà kí ẹnikẹ́ni gba nǹkan mìíràn lé ohun tó wà níbẹ̀. Ẹnìkan ti ṣẹ́ ẹ látijọ́, kí fídíò yìí má bàa pa rẹ́. Ẹlòmíì wá fi nǹkan dí ihò náà. Nǹkan tuntun."

Pílásítà ni, irú èyí tí wọ́n fi ń di ojú egbò. Ó ṣì funfun.

Mo wo Nọ́ọ̀sì. Nọ́ọ̀sì wo ilẹ̀.

"Ti ọwọ́ mi ni," ó ní. "Òun ni mo fi ń di ojú egbò ẹsẹ̀ Màmá. Ṣùgbọ́n kì í ṣe èmi, mà. Kí ni mo fẹ́ pa rẹ́? Bàbá mi ni mo fẹ́ gbọ́!"

"Ta ló ń gbé pẹ̀lú Màmá?"

"Ẹ̀gbọ́n mi. Mo dé ibẹ̀ lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, mo kọ àkọlé gbogbo kásẹ́ẹ̀tì sínú ìwé. Màmá ní kí n padà wá lọ́jọ́ kejì, kí òun lè nu eruku ara wọn."

Mo yẹ páálí wò. Eruku ṣì wà lára mẹ́tàlá.

"Ẹni tó pa á rẹ́ yìí," ni Bàbá Fídíò wí, "ó ti fi ẹ̀rọ tirẹ̀ jìyà. Bí kásẹ́ẹ̀tì bá bu báyìí, tẹ́ ẹ sì kì í bọ ẹ̀rọ láìfọ̀ ọ́, ohun funfun yẹn á lọ lẹ̀ mọ́ ojú ẹ̀rọ. Ẹ̀rọ á fọ́jú. Ó gba òfìfo lé e fún ìṣẹ́jú méjìlá, ó dúró, ó dá téépù padà sẹ́yìn láti yẹ̀ ẹ́ wò. Òjò funfun ló rí títí dé ìparí. Ó rò pé gbogbo rẹ̀ ti lọ. Kò mọ̀ pé ẹ̀rọ òun ni ò ríran mọ́."

"Ohùn ńkọ́?"

"Etí ẹ̀rọ yàtọ̀ sí ojú rẹ̀. Ojú ń yí bírí-bírí, òun ni ìdọ̀tí ń tètè dí. Etí dúró sójú kan. Ó ṣòro kó di."

Mo kọ ọ́ sínú ìwé mi. Mi ò tíì mọ ohun tí mo máa fi ṣe.

*

Ọ́fíìsì ọ̀gá ilé-ìwé náà ń run lọ́fínńdà. Ó ń fi pín-ìn-nì ìwé tayín, ó sì ń nu ohun tó bá yọ sára etí tábìlì, nísàlẹ̀, níbi tó rò pé ojú mi ò dé.

"Ẹ káàbọ̀ sí gbàgede ìmọ̀, níbi tí a ti ń fi ìfẹ́ àti sùúrù mọ ìwà ọmọdé bí amọ̀—"

"Ẹ ṣé, sà. Ẹ gbọ́ èyí." Mo tẹ fóònù mi. Igbe ọmọ náà jáde, lẹ́yìn náà ohùn obìnrin.

Kò jẹ́ kó parí. "Ohùn ìyá mi nìyẹn! Abiyamọ tí ọkàn rẹ̀ gbọgbẹ́! Ó ń bá ìkà ọmọ ọ̀dọ̀ yẹn wí."

"Ọmọ ọ̀dọ̀ mélòó lẹ ní nígbà yẹn?"

"Ẹyọ kan."

"Ẹni ọdún mélòó?"

"Mẹ́tàdínlógún. Ohun tó mú kí ìwà ìkà náà túbọ̀—"

"Màmá yín wá ń pè é ní ẹ̀yin?"

Pín-ìn-nì dúró láàárín eyín rẹ̀.

"Ẹ tún un gbọ́," ni mo wí. "'Ẹ̀yin lẹ dà á. Mo rí yín.' Ìyá ilé tó bínú, tí ọmọ ọ̀dọ̀ da omi gbígbóná sọ́mọ rẹ̀ lára, 'ìwọ' ló máa pè é, á sì tún fi èébú tì í. Ṣé Màmá yín ń bọ̀wọ̀ fún un ni?"

"Ó… ó lè jẹ́ àwa ọmọdé ló ń bá wí. A pọ̀ níbẹ̀. Ẹ̀yin, gbogbo wa lápapọ̀."

"Ẹ̀hẹ́n. Ẹ̀yin ọmọdé lẹ dà á nìyẹn. Èwo nínú yín?"

"Mi ò sọ bẹ́ẹ̀!"

"Ọmọ ọdún mẹ́rìnlá ni yín nígbà yẹn. Ẹ lè gbé kẹ́tùrù."

Òógùn bo ètè òkè rẹ̀. "Ọ̀gá ọlọ́pàá, ẹ má jẹ́ kí oníṣọ́ọ̀bù kan tó ba kásẹ́ẹ̀tì ẹlòmíì jẹ́ fún ìṣẹ́jú méjìlá wá—"

"Mi ò tíì sọ fún yín pé kásẹ́ẹ̀tì bàjẹ́, sà. Mi ò sì dárúkọ iye ìṣẹ́jú kankan."

Ó sọ pín-ìn-nì nù.  Mo jáde kí lọ́fínńdà náà tó mú mi sín, ó sì ti dá mi lójú pé òun ni. Òun ló da omi, òun náà ló pa fídíò rẹ́. Mo fẹ́ kó jẹ́ òun. Ó yẹ kí n ti fura sí ara mi níbẹ̀.

*

Àhámọ́ wa kì í mọ́. Màmá Jẹ́jẹ́ ti fi ìborùn rẹ̀ nu apá kan ilẹ̀, ibẹ̀ ló jókòó sí.

"Mo ti gbọ́ ohùn rẹ," ni mo wí fún un. "'Ẹ̀yin lẹ dà á.'"

Ó gbé ojú sókè. "Ó ṣì wà níbẹ̀?"

"Ó ṣì wà. Ọmọkùnrin ilé yẹn lò ń bá wí, àbí?"

"Ta ni? Ọmọ tí mo máa ń fa etí rẹ̀ kó tó lọ wẹ̀? Èmi, kí n pe ìyẹn ní ẹ̀yin?" Ó rẹ́rìn-ín, àfi bí ẹni tó fẹ́ tutọ́. "Mo fi ọdún mẹ́ta jù ú lọ o. Ìwọ ni mo ń pè é. Òun náà ń pè mí ní ìwọ."

"Ta wá ni?"

"Ẹ ṣírò rẹ̀, mà. Àgbàlagbà mélòó ló wà nínú ilé yẹn tí mo lè pè ní ẹ̀yin? Méjì. Ọ̀kan ń ya fídíò."

"Kí ló dé tó ò sọ orúkọ ẹni náà fún mi lọ́jọ́ Ajé?"

"Mo ti sọ ọ́ lọ́jọ́ tí omi dà. Mo sọ ọ́ fún bàbá wọn lójú, mo sọ ọ́ ní títì. Wọ́n ní mò ń purọ́ mọ́ ìyá ilé. Bí mo bá tún sọ ọ́ báyìí, wọ́n á ní mò ń purọ́ mọ́ arúgbó. Ohun tí kò ní ẹnu tí wọ́n lè gbá ni mo fẹ́ kó sọ ọ́."

Mo jókòó sí ìta àhámọ́, mo sì tún èrò mi tò. Ìyá ló da omi. Ó dára. Ṣùgbọ́n "ẹ̀yin" nìkan kò tó fún adájọ́. Lọ́yà kan á dìde, á ní ọmọdé pọ̀ níbẹ̀, bí ọ̀gá ilé-ìwé ṣe wí. Ó yẹ kí n mọ ẹni tó sáré lọ pa fídíò rẹ́. Ẹni tó pa á rẹ́ ló mọ ohun tó wà nínú rẹ̀.

Mo ṣí ìwé mi. Mo tún ọ̀rọ̀ Bàbá Fídíò kà nípa ojú àti etí. Mo kà á lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Mo bá dìde.

*

Ọ̀sán ọjọ́ náà ni èmi àti Bàbá Fídíò dé ilé wọn. Ìyá náà jókòó ní pálọ̀, ó gbé ẹsẹ̀ kan lé àpótí. Ó mọ́ tónítóní. Ó kun pọ́ńdà, ó di irun rẹ̀ dáadáa, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Ẹsẹ̀ náà ni ò mọ́. Nọ́ọ̀sì kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀, ó ti tú egbò náà, ọyún ń jáde, òórùn rẹ̀ sì gba gbogbo pálọ̀.

"Ẹ kú ọ̀sán, mà," ni mo wí.

"Màmá ò gbọ́ràn, mà," ni Nọ́ọ̀sì wí. "Ó ti pé ọdún mẹ́jọ. Ẹnu ni wọ́n ń wò. Ẹ dúró síwájú wọn."

Mo dúró síwájú rẹ̀. Mo ní a fẹ́ wo ẹ̀rọ fídíò ilé. Ó mi orí, ó rẹ́rìn-ín. Ó ní ẹ̀rọ náà ti kú tipẹ́.

Ẹ̀rọ tó ti kú tipẹ́ náà wà lábẹ́ tẹlifíṣọ̀n, aṣọ tí wọ́n fi òwú ṣe òdòdó sí bò ó lórí. Bàbá Fídíò tú ìdérí rẹ̀. Ó ní, "Họ̀wù!" ó sì fi apá bo imú. Ohun funfun ti lẹ̀ mọ́ gbogbo inú rẹ̀ bí èérún ìyẹ̀fun tó pò mọ́ ọ̀rá. Ẹsẹ̀ aáyán wà níbẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ó fi òwú kan ojú ẹ̀rọ. Òwú náà dúdú.

"Ibí ni wọ́n ti ṣe é," ó ní.

Ìgbà yẹn ni ọ̀gá ilé-ìwé wọlé, ó ń mí gúlegúle. Ó wo ẹ̀rọ, ó wo ìyá rẹ̀, ó gbé àyà sókè.

"Ẹ dáwọ́ dúró. Èmi ni. Èmi ni mo pa á rẹ́, láti dáàbò bo iyì ìdílé tí baba mi fi òógùn ojú rẹ̀ kọ́."

"Bọ́tìnnì wo lẹ tẹ̀?" ni Bàbá Fídíò bi í.

"Èyí… èyí tó pupa."

"Òun nìkan?"

"Òun nìkan."

"Ẹ̀rọ yìí? Bẹ́ ẹ bá tẹ òun nìkan títí di ọdún tó ń bọ̀, kò ní dá yín lóhùn. Méjì ni wọ́n ń tẹ̀ pọ̀."

"Ẹ̀gbọ́n mi ò mọ̀ ọ́n lò rí," ni Nọ́ọ̀sì wí láti ilẹ̀. Ohùn rẹ̀ ti yí padà. "Màmá ló máa ń fi gba eré sílẹ̀ láti inú tẹlifíṣọ̀n."

"Ẹ fi ìyẹn sílẹ̀," ni mo wí. "Ọ̀gá, nígbà tí ẹ pa á rẹ́ tán, tí ẹ dá a padà, kí lẹ gbọ́?"

"Mi ò gbọ́ nǹkan kan. Òjò funfun ni, títí dé ìparí."

"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀ fún yín?"

Ó yíjú sí ìyá rẹ̀. Mo ní kí Bàbá Fídíò ki kásẹ́ẹ̀tì bọ ẹ̀rọ náà.

"Ojú rẹ̀ tó fọ́ yìí? Ó máa ba téépù jẹ́ o."

"Ṣebí ó ti wà nínú àwo sídíì. Ẹ kì í bọ̀ ọ́."

Òjò funfun bo ojú tẹlifíṣọ̀n. Kò sí kéèkì, kò sí ẹsẹ̀ tábìlì, kò sí nǹkan kan tí ojú lè rí. A dúró. A kọjá ìṣẹ́jú méjìlá náà. Lójijì ni igbe ọmọ bú jáde, ó le débi pé gíláàsì tó wà lórí tẹlifíṣọ̀n gbọ̀n. Wọ́n ti yí ohùn rẹ̀ dé òpin. Ọ̀gá ilé-ìwé fò sẹ́yìn. Sísọ́ọ̀sì bọ́ lọ́wọ́ Nọ́ọ̀sì. Èmi tí mo mọ̀ pé ó ń bọ̀, àyà mi já.

Ẹnìkan ṣoṣo ni kò mira. Màmá jókòó, ó ń wo òjò funfun náà, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́ sí wa, bí ẹni pé: ṣé ẹ rí i, mo ní kò sí nǹkan kan níbẹ̀.

"Ẹ̀YIN LẸ DÀ Á!" ni tẹlifíṣọ̀n ń pariwo sí i lójú. "MO RÍ YÍN!"

Ó tún ìborùn rẹ̀ ṣe.

Mo pa á. "Ẹ̀rọ yìí fọ́jú," ni mo wí, "ṣùgbọ́n kò di etí. Ẹni tó bá ní etí, tó dá kásẹ́ẹ̀tì yìí padà níbí, á gbọ́ pé igbe ṣì wà níbẹ̀, á sì pa ìyókù rẹ́. Ẹni tó lò ó ríran, kò gbọ́ràn. Kò lè sọ ọ́ nù, torí pé ọmọ rẹ̀ ti kọ àkọlé sínú ìwé. Ó wá gé pílásítà kékeré kan lára èyí tí wọ́n fi ń tọ́jú ẹsẹ̀ rẹ̀."

Nọ́ọ̀sì di ojú ìyá rẹ̀ mú pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì, ó yí i sọ́dọ̀ ara rẹ̀ kó lè rí ẹnu òun. Ó sọ ọ́ díẹ̀díẹ̀.

"Màmá. Ohùn ṣì wà níbẹ̀. A gbọ́ ọ. Ṣé ẹ̀yin ni?"

Ẹ̀rín músẹ́ náà kò lọ lẹ́ẹ̀kan. Ó ń yọ́ kúrò lójú rẹ̀ bí pọ́ńdà.

"O da nǹkan mímu sí aṣọ funfun yẹn," ó ní. Ó ń sọ̀rọ̀ sókè bí àwọn tí kò gbọ́ràn ṣe máa ń sọ ọ́. "Mo ti kìlọ̀ fún ẹ. Fídíò ni wọ́n ń ya. Kẹ́tùrù wà lọ́wọ́ mi. Mo kàn fẹ́ kó o ta gìrì ni."

"Dádì rí yín?"

"Dádì ẹ? Ó gbé ẹ̀rọ kalẹ̀ ni. Òun náà ló ṣẹ́ ike ẹ̀yìn kásẹ́ẹ̀tì, ó ní n kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án láéláé. Ọ̀rọ̀ yẹn nìkan ló sọ títí ó fi kú."

Bàbá tí ọmọ yìí ń wá ohùn rẹ̀ kiri nìyẹn. Ó ní ìgboyà tó láti ṣẹ́ ike. Kò ní èyí tó máa fi la ẹnu.

"Ọmọ tí ẹ lé jáde ńkọ́?" ni mo bi ìyá náà. Mo sọ ọ́ kó rí i.

Ó wò mí bí ẹni tí kò mọ ohun tí mò ń sọ. "Ọmọ ọ̀dọ̀ ni. Ó máa ríbi ṣiṣẹ́. Ọmọ tèmi ni mo tọ́jú. Oṣù mẹ́ta ni mo fi ń fi òróró pa á lápá. Ẹ bi í."

Nọ́ọ̀sì mú òwú. Ó nu ọyún tó kù kúrò. Ó di ẹsẹ̀ náà dáadáa, ó gé pílásítà, ó lẹ̀ ẹ́, ó fọwọ́ tẹ̀ ẹ́ kó má bàa ṣí. Ó kó ohun èlò rẹ̀ sínú báàgì. Lẹ́yìn náà ló jáde síta, ó gbá ògiri mú, ó bì.

Ọ̀gá ilé-ìwé fẹ́ máa sọ̀rọ̀. Mo ní kó dákẹ́. Bí mo bá gbọ́ ọ̀rọ̀ kan sí i lẹ́nu rẹ̀, èmi náà á jáde lọ bì.

*

Ọ̀gá wa wo àwo sídíì náà ní àgọ́, ó ka ohun tí ìyá náà sọ, ó sì pa fáìlì dé. Ó ní ìyá náà máa wá dáhùn ìbéèrè nígbà tí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá san. Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, dípò kí wọ́n gbé Màmá Jẹ́jẹ́ lọ sí kóòtù, wọ́n ní kó máa lọ sílé. Ó ń bọ bàtà rẹ̀ níwájú tábìlì mi nígbà tí ọ̀gá ilé-ìwé wọlé. Ó mú ìwé ẹ̀bẹ̀ ojú ewé méjì dání, ó fi ọwọ́ méjèèjì nà án sí i.

Màmá Jẹ́jẹ́ gbà á. Ó ń fi ìka tẹ̀lé ọ̀rọ̀ rẹ̀, kò kánjú.

"'Ìṣẹ̀lẹ̀ abanilọ́kànjẹ́ tó wáyé nínú ìdílé wa.' Kí ló wáyé?"

Ó fi ìka sún lọ sí ìlà kejì.

"'Àṣìṣe tó ti ọwọ́ ẹ̀dá bọ́.' Ọwọ́ ta?" Ó ṣí ojú ewé kejì, ó kà á tán, ó yí i wo ẹ̀yìn. "Mi ò rí omi nínú èyí. Mi ò rí Màmá níbẹ̀. Mi ò rí ara mi náà. Ẹ dákun, mà, ẹ fún un ní bébà."

Mo fún un ní bébà àti bíro. Ó wò mí, bóyá mo máa gbà á sílẹ̀. Mo nawọ́ sí bẹ́ǹṣì.

Ó jókòó. Ó kọ ọ́, ó ń kà á bó ṣe ń kọ ọ́, ohùn rẹ̀ kéré: "Ìyá mi ló da omi gbígbóná sí àbúrò mi lára. Kì í ṣe…"

Ó dúró. Etí rẹ̀ pọ́n.

"Kí ló dé?" ni Màmá Jẹ́jẹ́ bi í.

"Ẹ jọ̀ọ́, mà." Kò lè gbé ojú sókè. "Kí lorúkọ yín gan-an?"

Obìnrin yìí gbé ọdún mẹ́ta nínú ilé wọn. Ó fa etí ọkùnrin yìí kó tó wẹ̀. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọkùnrin náà wá fẹjọ́ rẹ̀ sùn níwájú wa, ó sì rán an lọ sí àhámọ́.

Màmá Jẹ́jẹ́ bọ bàtà kejì. Ó wá sọ orúkọ rẹ̀ fún un, létà kan tẹ̀lé òmíràn, bí wọ́n ṣe ń kọ́ ọmọ kékeré. Ọ̀gá ilé-ìwé kọ ọ́. Ó fẹ́ ká bébà náà, ṣùgbọ́n obìnrin náà ti na ìka sí i.

"Àmì wà lábẹ́ létà yẹn," ó ní. "Fi sí i."